Bàbá Páìpù, Ayàwòrán Òṣùpá

Ọjọ́ tí Bàbá Páìpù kéde pé òun ti rí ọ̀nà lójú òṣùpá, ènìyàn mọ́kànlélógún ló wá gbọ́ ọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópó wọn. Àádọ́ta àga ni wọ́n tò sílẹ̀. Ó wò yíká iyàrá náà, ó ní àwọn tí kò wá ni ojú máa tì tó bá dọ̀la.

Ó ti gbé àwòrán náà lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò àdúgbò kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di ńlá, ó sì ti tóbi tó ojú fèrèsé. Ó gbé e kọ́ sára pátákó ìkọ̀wé. Ìlàjì òṣùpá ni lóòótọ́, ó funfun, ó ní kòtò kéékèèké lójú bí ẹni tí ilẹ̀ gbóná fi ojú rẹ̀ ṣeré. Àmọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìlà dúdú kan gba ibẹ̀ kọjá, ó tẹ̀ díẹ̀ láàárín bí ọ̀nà tó ń yà fún àpáta. Bàbá Páìpù fi rúlà tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní àwọn kan ti lọ sínú òṣùpá, wọ́n ti bọ̀, wọ́n ti kọ ìwé jọ bí òkè, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mẹ́nu ba ọ̀nà. Ó ní nǹkan méjì péré ló lè fa irú ìyẹn: yálà wọn ò rí i, tàbí wọ́n rí i tí wọ́n gbé e pamọ́. Ó ní òun kì í ṣe aláìníwà tí yóò pe ọmọlúàbí ní afọ́jú, nítorí náà olè ni wọ́n.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó yọ̀ǹda iyàrá ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Onífọ́tò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní àga iwájú pátápátá ni àbúrò Bàbá Páìpù obìnrin jókòó sí, aránṣọ ni, wọ́n sì jọ ń gbé ilé kan náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó ti fi ogójì ọdún ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ohun tó bá tín-ín-rín kò lè sá pamọ́ fún un. Ó dìde, ó súnmọ́ àwòrán náà, ó wò ó, ó yíjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún wo àwòrán.

"Bùọ̀dá," ó ní, "irun ìpéǹpéjú yín ni."

Gbogbo ènìyàn ló yíjú sí ìpéǹpéjú Bàbá Páìpù, wọn ò sì nílò ẹ̀rí mìíràn. Irun tó wà níbẹ̀ gùn bí ọwọ̀ tuntun. Bàbá ti sún ojú mọ́ awò awọ̀nàjíjìn tó fi ń wo òṣùpá kó lè nù ún, ẹyọ kan ti já síbẹ̀, kámẹ́rà ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín irun àti ọ̀nà. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga ẹlòmíràn mú. Bàbá Páìpù dúró jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń retí kí òjò dá. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ká àwòrán rẹ̀, ó fi há abíyá.

"Kò burú," ó ní. "Ẹ dárúkọ ẹlòmíràn ní òpópó yìí tí irun rẹ̀ ti dé òṣùpá."

Bàbá Páìpù kì í ṣe orúkọ àbísọ. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún páìpù omi ṣe ní ilé-ìwòsàn ńlá tó kọjú sí ilé wọn, láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ kó yin ènìyàn. Ohun tí oníkálukú ń dà sínú bàsíà ló fi ń mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ dókítà àgbà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, yóò pòṣé, yóò ní ẹni tó ń da èérún tíì sójú ihò omi lójoojúmọ́, kí ni ẹ fẹ́ kó mọ̀ nípa ikùn ènìyàn? Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri. Ó tú ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì ní ẹni tó ṣe é ń kánjú relé.

Ọ̀dọ̀ tísà àgbà kan ló ti rí awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀. Páìpù ilé ìdáná tísà náà ń jò, Bàbá Páìpù lọ bá a dí i. Tísà ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé, awò náà sì wà nínú yàrá ẹrù, ẹsẹ̀ kan ti kán nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró. Tísà ní tí ó bá lè mú un dúró, kó máa gbé e lọ. Bàbá Páìpù fi páìpù irin ṣe ẹsẹ̀ kẹta fún un. Ẹsẹ̀ irin yìí wúwo ju àwọn méjì yòókù lọ, láti ọjọ́ náà ni awò náà ti ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Nígbà tó gbé e wọlé, àbúrò rẹ̀ rò pé páìpù tí omi òjò ń gbà lórí òrùlé ni, ó sì ní ẹ ṣé, èyí tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́.

Fàráńdà òkè ló gbé e sí. Ibẹ̀ gan-an ni aránṣọ máa ń gé aṣọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára, ẹ̀fúùfù sì ń wọlé. Ó padà dé lọ́jọ́ kan, ó bá tábìlì ìgéṣọ rẹ̀ nínú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí òkùnkùn ti ń bá ojú jà lọ́sàn-án gangan. Bàbá Páìpù ṣàlàyé fún un pé òṣùpá kan ṣoṣo ló wà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń rán búláòsì kò lóǹkà. Ọjọ́ yẹn ni ogun bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ojú lásán ló fi ń wo inú awò rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn. Yóò jókòó, yóò di ojú òsì, yóò fi tọ̀tún wò. Nígbà tó yá, láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, ó ra kámẹ́rà àlòkù kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ti ń fi fóònù ya fọ́tò. Kámẹ́rà náà kò ju páálí sìgá lọ. Ó ní òun ò ní máa fi ojú wo òṣùpá mọ́, kámẹ́rà ni yóò máa wò ó fún òun. Àbúrò rẹ̀ bi í pé kí ni ojú tí Ọlọ́run fún un ṣe. Ó ní ojú máa ń gbàgbé, kámẹ́rà kì í gbàgbé.

"Bùọ̀dá, ojú olójú kò jọ ojú ẹni," ni àbúrò wí.

Ó pòṣé. Òṣé náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí alágbàfọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi bèèrè bóyá páìpù ló tún bẹ́.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi di kámẹ́rà náà mú sí ojú awò. Ó ya mẹ́tàlélógójì lọ́jọ́ kan. Ogójì nínú rẹ̀ jẹ́ òkùnkùn, méjì jẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ẹyọ kan ló sì funfun báláú bí ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú àwo. Ó pe àbúrò rẹ̀ wá wo ẹyin náà. Ó ní àlèébù kan ṣoṣo ló kù: ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọjú sí ojú awò gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jìnnà, kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ jù, ọwọ́ ènìyàn kò sì gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Àbúrò rẹ̀ ní ìyẹn kì í ṣe àlèébù kan, mẹ́rin ni.

Kí ọwọ́ má baà gbọ̀n mọ́, ó fẹ́ fi rọ́bà so kámẹ́rà mọ́ awò. Rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó mú un, ó sì fi àlòkù kan tó ti gbó rọ́pò rẹ̀, kí dúrọ́ọ̀ má baà ṣófo. Aránṣọ kò fura, ó rán àlòkù náà sínú síkẹ́ẹ̀tì obìnrin kan tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ orin, obìnrin náà fa èémí sínú láti gbé ohùn sókè, nígbà tó sì tú èémí jáde, síkẹ́ẹ̀tì bá a lọ. Ó wá sílé aránṣọ, ọwọ́ kan ń bá a di ìdí mú, ọwọ́ kejì ń juwọ́. Aránṣọ gun òkè lọ, ó bá rọ́bà tuntun tó ń dán lọ́rùn kámẹ́rà. Bàbá Páìpù ò tilẹ̀ dìde. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún akọrin náà pé rọ́bà tuntun ọ̀hún gan-an kò ní láárí, kámẹ́rà òun ṣì ń mì, nítorí náà òun àti obìnrin náà, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ló ronú kan iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n so páìpù mọ́ páìpù, rọ́bà kọ́ ló yẹ kó máa wá kiri. Ó gé páìpù oníke tó gùn tó ìka, ó kì í bọ omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú awò kó tó gan, ó wá fi bóòtù kéékèèké mẹ́ta de kámẹ́rà mọ́ orí kejì. Ó bá ara mu bí eyín àti èrìgì. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó pe onífọ́tò, ó pe alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọgbọ́n ń ṣe. Ohun kan péré ló gbàgbé. Kámẹ́rà kékeré bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ pé kó jí, ńṣe ló máa ń na ọrùn jáde bí ìjàpá.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà na ọrùn. Kò sí àyè níwájú rẹ̀. Ó fi orí ti awò, ó ké kíì kíì kíì, ó tún tì í. Awò kékeré tí ènìyàn ń gbé ojú sí fò yọ, ó gba orí irin fàráńdà kọjá, ó sì bọ́ sínú ọpọ́n ìfọṣọ alágbàfọ̀ nísàlẹ̀. Onífọ́tò rọra sọ pé òun kò tíì rí kámẹ́rà tó ń tutọ́ rí. Alágbàfọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yọ awò náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ó gbé e padà wá. Bàbá Páìpù gbé e sí ojú kámẹ́rà, ó wo fọ́tò tó yà. Ìdọ̀tí tó wà lójú awò náà láti ọ̀dọ̀ tísà ti ṣí. Ó ní nínú gbogbo òpópó náà, alágbàfọ̀ nìkan ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyìn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ó fi ìka kan kún gígùn páìpù oníke náà, kámẹ́rà rí àyè na ọrùn, fọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ojú òṣùpá ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn náà sì ni onífọ́tò rí ẹnu sọ̀rọ̀. Tí oníbàárà bá wọlé, yóò bi wọ́n bóyá ojú ni wọ́n fẹ́ yà tàbí ìpéǹpéjú. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Páìpù. Ó wọ bàtà, ó lọ bá onífọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù. Kámẹ́rà ńlá wà lọ́rùn onífọ́tò, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí apá. Bàbá Páìpù wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní ohun tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì rí òkèèrè, ikùn lásán ni. Onífọ́tò náà fèsì pé kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya ọjọ́ ìbí ọmọdé ni Bàbá fẹ́ fi bá òun du òṣùpá.

Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì pàdé lórí fàráńdà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá bá pé ìlàjì, kí oníkálukú mú fọ́tò kan ṣoṣo jáde, kí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ìdájọ́. Bí Bàbá bá borí, onífọ́tò yóò gbé òṣùpá Bàbá kọ́ sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, níbi tí fọ́tò àwọn ìyàwó tuntun wà. Wọ́n bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Bàbá bá pàdánù. Aránṣọ ló dáhùn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó la ẹnu. Ó ní kí awò náà kúrò lórí fàráńdà títí láé. Bàbá Páìpù wò ó, ó ní òun gbà, ó ní ẹni tó bá ń retí ìṣubú òun kó wá ìjókòó tó rọ̀, yóò pẹ́ níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, aránṣọ ti fi téèpù wọn fàráńdà láti igun dé igun. Ó ti mọ ibi tí tábìlì yóò wà. Ó ti mọ ibi tí yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, òṣùpá ti dúró lókè tente, ìlàjì gan-an. Onífọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè, ó yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta kíákíá, ó wọlé pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé láti lọ mú èyí tó dára jù níbi tí iná wà. Bàbá Páìpù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí awò rẹ̀, ó ń darí rẹ̀, aránṣọ sì dúró tì í, apá ká àyà.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣeré ni. Awò náà kò kọjú sókè rárá. Ó nà gbọọrọ síwájú bí ìbọn, àtùpà funfun roboto tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ló sì kọjú sí. Bàbá Páìpù gbé ojú sún mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kàn án, ojú òsì nìkan ló fi ń wò ó. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó ti dé, ó ní òṣùpá mọ́ ju ti ìgbàkígbà lọ lónìí.

Aránṣọ wo àtùpà. Ó wo òṣùpá tó wà lókè orí wọn. Ó wá wo ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó là sílẹ̀, tí kò wo ibì kankan.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síbi tó yẹ lọ́kàn rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń so bọ́tìnì. Ó rántí pé láti ọdún bíi mélòó kan ni Bàbá Páìpù ti ní òun ò ka ìwé ìròyìn mọ́, ó ní irọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó rántí tíì tó máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ ife, tí yóò sì ní ife òde òní kò ní ẹnu tó dára. Ó rántí bó ṣe máa ń ka iye àtẹ̀gùn jáde lẹ́nu tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tó ní òun ń wò ó bóyá kápẹ́ńtà jí ọ̀kan lọ. Gbogbo ẹ̀gàn yẹn ni òun fi ń ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Kò mọ̀ pé aṣọ tí ẹ̀gbọ́n òun fi ń bo àìríran ni.

Bó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, fàráńdà ti di tirẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ohùn àwọn méjì tó wà nínú ilé tí wọ́n ń bọ̀.

Ó na ọwọ́, ó di ọrùn awò náà mú, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo bóyá etí aṣọ gún, ó fà á sọ́tùn-ún, ó dá a padà díẹ̀. Bàbá Páìpù gbọ́ tí irin ń yí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lójú gíláàsì kékeré náà, ìmọ́lẹ̀ àtùpà yọ lọ, òkùnkùn dé, lẹ́yìn náà ni òṣùpá gbé ara rẹ̀ wọlé láti igun, tòun ti àwọn kòtò rẹ̀.

"Ẹ yà á," aránṣọ ní jẹ́jẹ́.

Bàbá Páìpù ti kọ́ kámẹ́rà náà láti máa ka mẹ́wàá fúnra rẹ̀ kó tó yà, kí ọwọ́ má baà mì í. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dúró láìmí títí kámẹ́rà fi kà á tán.

Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé gbé fọ́tò méjèèjì kalẹ̀, ti onífọ́tò mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́. Ti Bàbá Páìpù kún ojú gíláàsì. Ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà, etí kòtò kọ̀ọ̀kan gbé òjìji tirẹ̀ dání, nínú kòtò ńlá kan sì ni òkè kékeré kan dá dúró, orí rẹ̀ nìkan ló rí oòrùn. Ọ̀gá ilé-ìwé yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Onífọ́tò wò ó títí, ẹ̀fẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe so kámẹ́rà yẹn mọ́ ọn. Bàbá Páìpù ní òun ò lè kọ́ ẹni tó ní ikùn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, ó sì fi ọwọ́ wá ẹnu ilẹ̀kùn, ó wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aránṣọ gbé tíì wá bá a lórí fàráńdà. Kò jókòó.

"Láti ìgbà wo?" ó bi í.

Bàbá Páìpù kò díbọ́n. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ láti ọdún mẹ́ta, tòsì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ó ti yọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ṣàlàyé fún un pé omi inú ojú ló ń fún ẹyinjú pa láti inú, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, kó máa kán oògùn sí èyí tó kù. Ilé ìyàgbẹ́ ló máa ń wọ̀ lọ kán an. Tó bá gbé ojú sí awò lásán, ìkùukùu ló ń rí. Àmọ́ lójú kámẹ́rà, òun lè fa òṣùpá náà tóbi, kó tún tóbi sí i, títí yóò fi tó ìwọ̀n ohun tí ojú òun lè mú.

"Ẹ ò wá lè sọ fún mi."

"Kí n sọ fún ọ kí o máa fà mí lọ́wọ́? Mo mọ̀ ọ́. O ó máa bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀." Ó fi ọwọ́ wá ife, ó rí i. "Ẹ̀gàn rẹ tù mí lára ju àánú rẹ lọ. Bí o bá ṣì ń bú mi, mo mọ̀ pé mo ṣì pé."

Aránṣọ wọlé lọ. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí irin, kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe, ó fi etí aṣọ tí wọ́n gbé wá rán nu ojú, ó gbé ohùn sókè láti inú ilé. Ó ní Bùọ̀dá, ẹ kó ìdọ̀tí páìpù yín kúrò lójú ọ̀nà, ilé yìí kì í ṣe ààtàn, àgbà tí kò mọ ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ń lọ. Láti orí fàráńdà, ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín wúyẹ́wúyẹ́ sínú tíì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, aránṣọ ló ń darí awò, Bàbá Páìpù ló ń yà á. Wọ́n ṣe é fún ọdún méjì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ lóde. Àwọn tó ń kọjá lọ nírọ̀lẹ́ kàn ń gbọ́ èébú lókè ni. Aránṣọ yóò ní ẹ̀gbọ́n òun wúwo bí ẹsẹ̀ irin tó ṣe fún awò. Ẹ̀gbọ́n yóò ní obìnrin yìí ń wá òṣùpá bí ẹni tó ń gé ọrùn búláòsì, ó ti fa ojú ọ̀run ya. Lọ́jọ́ tí àgùàlà bá dúró ti òṣùpá, wọn a jọ jiyàn. Bàbá Páìpù ní àwọn èèyàn ń pe àgùàlà ní ajá òṣùpá nítorí wọ́n jọ ń rìn, ó ní irọ́ gbáà ni, àgùàlà kò mọ̀ pé òṣùpá wà níbẹ̀ rárá. Aránṣọ ní ó jọ ẹnì kan tí òun mọ̀. Onífọ́tò gbé òṣùpá náà kọ́ sí fèrèsé fún ọdún kan bó ṣe ṣèlérí, nígbà tí ọdún sì pé, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ń wá sílé wọn ní ọjọ́ ìsinmi, Bàbá Páìpù sì gé páìpù oníke kan fún un níkẹyìn, bó ti ń fún un ló ń sọ fún un pé yóò bà á jẹ́.

Àyà ló mú Bàbá Páìpù ní àkókò òjò. Wọ́n gbé e sọdá títì sí ilé-ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ní ọjọ́ kejì ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní ẹ̀rọ omi kẹta láti ẹnu ọ̀nà ń kán, ẹni tó tún un ṣe gbẹ̀yìn fi ohun tí kò tó dí i. Nọ́ọ̀sì lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá òṣùpá ti yọ. Fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ó ti yọ," aránṣọ ní, "ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ọ̀lẹ tó sùn sílẹ̀."

Bàbá Páìpù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kó lọ dúró de òun lórí fàráńdà, òun ń bọ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọ̀gá ilé-ìwé, onífọ́tò àti alágbàfọ̀ wá bá aránṣọ jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ òkú, ohùn wọn rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn mọ́ tónítóní. Ọ̀gá ilé-ìwé ní onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni. Onífọ́tò ní ó lawọ́, ó sì ní sùúrù. Aránṣọ ń gbọ́ wọn, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ orí itan rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi sùúrù, kò lè gbà á mọ́ra mọ́.

Ó ní ta ni wọ́n ń sọ? Ó ní èyí tí òun mọ̀, agídí ni, agbéraga ni, ó jí rọ́bà, ó gba fàráńdà, ó fi ìkòkò tí òun fi ń se omi se páìpù. Ó ní kò mọ orúkọ ìràwọ̀ márùn-ún, kò sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní ó ya òṣùpá kan náà ní ìgbà irínwó, ó sì ń pe òun wá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òmíràn ló yọ. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé-ìwé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bú u lọ ni, ohùn rẹ̀ ń le, ó ń le sí i, títí ó fi dé ibì kan tí ohùn náà kọ̀ láti jáde. Ẹ̀rín àwọn tó kù náà rọlẹ̀.

Onífọ́tò ló súnmọ́ ọn. Ó rọra gbé ife omi sí i lọ́wọ́.

"Mà, ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ẹ má dákẹ́."

Aránṣọ mu omi díẹ̀. Ó nu ẹnu. "Ìpéǹpéjú rẹ̀ yẹn," ó ní, "ó gùn bí ọwọ̀, kò sì fi gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ kan," ó sì ń bá a lọ.